Fíìmù wo lẹ wò láìpẹ́ yìí tó ṣe é fi etí wò? Màmá mi ò ríran mọ́

Adùnní Ìkẹ́rẹ́:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ fíìmù ni mo tún gbé dé, àmọ́ tòní yàtọ̀ díẹ̀ torí kì í ṣe èmi ni mò ń wá a fún, Màmá mi ni. Ojú wọn ti lọ, ó ti tó bí ọdún méjì báyìí, òjìji lásán ni wọ́n ń rí tí èèyàn bá kọjá níwájú wọn. Bẹ́ẹ̀ Màmá yìí ò fi fíìmù Yorùbá ṣeré rárá, nígbà tá a wà ní kékeré kásẹ́ẹ̀tì fídíò ló kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, kò sí eléré kan tí wọn ò mọ̀.

Adó ni mò ń gbé, tó bá ti di Fráídé mo máa ń sáré lọ sí Ìkẹ́rẹ́ lọ sùn tì wọ́n. Fráídé tó kọjá mo gbé lápútọ́ọ̀pù lọ, mo ti dáùnlóòdù Lísàbí sílẹ̀ kí nẹ́tíwọọ̀kì má bàa yọ wá lẹ́nu, a so ó mọ́ spíkà ńlá tí àbúrò mi fi ń gbọ́ orin, Màmá jókòó sórí àpótí, wọ́n gbé igbá ẹ̀gúsí lé itan, wọ́n ń bó o torí ọwọ́ wọn kì í fẹ́ sinmi. Níbẹ̀rẹ̀ ó dùn. Ìgbà tí wọ́n dé ibi àáró, tí Lísàbí ń kó àwọn àgbẹ̀ jọ kí wọ́n máa bára wọn roko, Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní báwọn náà ṣe ń ṣe é nìyẹn lóko bàbá àwọn, ẹni tó bá lọ́ ara ẹ̀ lọ́jọ́ àáró ẹlòmíì, àfi kó dá nìkan ro tiẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìgbà tí ìjà wá dé, idà ń dún, èèyàn ń ké, orin ńlá bo gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹnì kan ò sọ̀rọ̀ fún àkókò tó gùn. Màmá ní, "Ta ni wọ́n ń pa yẹn?" Mo sọ fún wọn. "Ta ló pa á?" Kí n tó dáhùn, ẹlòmíì ti kú. Nígbà tó yá wọn ò bi mí ní nǹkan kan mọ́.

Mo mọ ìyá mi. Tí fíìmù bá wọ̀ wọ́n lára, ọwọ́ wọn á dúró lórí ẹ̀gúsí yẹn fúnra ẹ̀. Lọ́jọ́ náà ọwọ́ ò dúró, igbá kún, wọ́n ní oorun ń kun àwọn.

Mi ò bú fíìmù náà o, èmi tí mo ríran gbádùn ẹ̀ gan-an, Lateef Adedimeji ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ohun tí mò ń bi yín ni pé nínú àwọn tẹ́ ẹ ti wò, àtijọ́ ni o tuntun ni o, èwo lèèyàn lè fi etí nìkan wò tí ìtàn á sì yé e? Kí ohùn oníkálukú yàtọ̀, kí wọ́n má sì máa fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ìdajì ẹ̀, torí Màmá ò gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Bábà Ìkọ̀lé:
Àǹtí Adùnní, ẹ kú ìtọ́jú Màmá, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ jèrè wọn. Ẹ wò ó, ìbéèrè yín yìí, èmi ti rí ìdáhùn ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi láìmọ̀. Bábà ni mí, tẹlifíṣọ̀n wà lára ògiri, fíìmù ló ń lọ níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Àwọn tó jókòó dè mí ń fojú wò ó, àmọ́ ẹni tó wà lórí àga mi ti doríkodò, mò ń gẹ ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀ lọ́wọ́, etí nìkan ló fi ń bá wọn wò. Tí fíìmù bá débi tí ọ̀rọ̀ ti tán, tó ku ìjà àti eré sísá, ẹ ó rí i tí oníbàárà á ṣàdédé gbórí sókè fìrì, èmi á sáré gbé kílípà kúrò kó má bàa ya ibi tí ò yẹ. Jagun Jagun ló fún mi níṣòro jù lọ lọ́dún tó jáde, 2023, gbogbo ìgbà ni wọ́n ń gbórí! Àfi tó bá débi tí Gbọ́tìjà ń bá igi sọ̀rọ̀, tàbí ibi tí wọ́n ń pe ọfọ̀, orí á wálẹ̀, gbogbo wọn á dákẹ́.

Àmọ́ Aníkúlápó ti Kunle Afolayan, ti 2022, mo gẹ irun èèyàn mẹ́ta pẹ̀lú ẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò sẹ́ni tó gbórí. Torí kí ni? Ọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹ gbọ́ ohùn Sola Sobowale tó ṣe Awárùn, tí wọ́n bá so yín lójú ẹ ó ṣì mọ̀ pé òun ló wọlé. Sàró, ọkùnrin tí ìtàn náà dá lé, ń purọ́, ẹ ń gbọ́ irọ́ náà nínú ohùn ẹ̀ kó tó parí gbólóhùn. Èyí ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ibi ẹyẹ àkàlà nìkan lẹ ó ti ní láti ṣàlàyé fún Màmá, torí ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀, ohun tí ojú ń rí ni.

Ìyá Ìbejì Ìyìn:
Bábà òótọ́ lẹ sọ. Àmọ́ èmi ní tèmi, ẹ má gbàgbé àwọn fíìmù ilé, ìyẹn àwọn tó jáde nígbà kásẹ́ẹ̀tì àti CD. Ṣé ẹ rántí orin tí wọ́n máa ń kọ sínú ẹ̀, tó jẹ́ pé olórin yẹn á ti ro gbogbo ìtàn kó tó ṣẹlẹ̀? Ọkọ̀ ń lọ lọ́nà, olórin ti ń kọ ọ́ pé ìyàwó ilé ló ń lọ sílé babaláwo, pé ó ń lọ gba oògùn fún orogún, pé ẹ̀san ń bọ̀. Gbogbo wa la fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ti sọ ọ́ tán kí èèyàn tó wò ó. Ìgbà tí mo ka ohun tí Àǹtí kọ yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé ẹni tí ò rí ọkọ̀ yẹn, orin náà lojú ẹ̀. Ìyá ọkọ mi tó máa ń dáná ní ẹ̀yìnkùlé nígbà yẹn, tí àwa jókòó sí pálọ̀, kì í wọlé rárá, síbẹ̀ tí fíìmù bá parí ó lè ro ó fún yín láti orí dé ìdí. Orin yẹn ló ń fi gbọ́.

Ti YouTube ìsinsìnyí ẹ ṣọ́ra. Ìyá àwọn ìbejì ni mí, òru ni mo máa ń wò ó tí wọ́n bá sùn, mo sì ń wò ó púpọ̀. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ pálọ̀ kan náà ni, ìyàwó ń pariwo, ọkọ ń pariwo, ìyá ọkọ ń pariwo, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, tí Màmá ò bá rí ojú wọn wọn ò ní mọ ti ta ni ta ni. Ibi tó wá dùn jù ni ìpolówó òyìnbó á ti já wọ̀ ọ́, Màmá á rò pé ara eré ni.

Ọmọ Fábùnmi:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo bọ̀wọ̀ fún yín o, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká gba ìjà kúrò nínú fíìmù torí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ rántí pé a ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn tiwa pé èèyàn méjì á dúró, ọ̀kan á na ọwọ́, èkejì á ṣubú láìjẹ́ pé wọ́n fara kanra. Ní báyìí tí wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọkùnrin wọ̀nyí nídà, tí wọ́n ń gun ẹṣin bó ṣe yẹ, inú èmi ń dùn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Ìwòròkó tí wọn kì í wo Yorùbá tẹ́lẹ̀, Jagun Jagun ló mú wọn wá.

Ohun tó ń dun èmi nìyí, ó sì kan etí náà. Òkèmẹ̀sí ni mo ti wá. Gbogbo fíìmù ogun tí mò ń wò, ẹnu kan náà ni gbogbo wọn fi ń sọ̀rọ̀, ẹnu Ọ̀yọ́. Ìgbà tí mò ń wo Lísàbí, bí wọ́n ṣe dìde sí àwọn tí Ọ̀yọ́ rán wá jẹ gàba lé wọn lórí, Fábùnmi ni mo ń rí lọ́kàn mi, tó bẹ́ orí ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní ìlú wa, tí ìyẹn sì di ogun Kírìjì. Láti 1877, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun ò tú ká tán títí di 1893. Ẹ ẹ̀ rí i pé etí ni wọ́n fi sọ ogun yẹn lórúkọ? Kí-rì-jì, ìró ìbọn ńlá ni. Mi ò tíì rí ẹni tó fi ṣe fíìmù tó gbòòrò bíi ti Ẹ̀gbá yẹn. Tí wọ́n bá sì fẹ́ ṣe é, kí wọ́n jẹ́ kí ará Èkìtì sọ Èkìtì! Kó pe ilé ní "ulé", kí ará Ìbàdàn dáhùn lẹ́nu tiẹ̀. Nígbà náà Màmá yín ò ní bi yín pé ta ló ń sọ̀rọ̀, ẹnu onítọ̀hún á ti sọ ibi tó ti wá.

Tíṣà Ìjerò:
Ọmọ mi Adùnní, o ṣeun tó o jókòó ti ìyá rẹ. Mo ti fẹ̀yìn tì, ojú èmi náà ti ń ṣe bàìbàì, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára.

Ìwọ Ọmọ Fábùnmi, ohun tó o sọ nípa ẹnu Èkìtì, mo wà lẹ́yìn rẹ pátápátá. Lórí ti ìjà, mi ò bá ọ jà. Ohun kan ni mo fẹ́ kí o mọ̀: àwọn tó dá eré Yorùbá sílẹ̀, orí ìtàgé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Hubert Ògúndé ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú ọkọ̀ láti ìlú dé ìlú kó tó ṣe fíìmù Ayé ní 1979. Adé Love, bàbá Kunle Afolayan tẹ́ ẹ̀ ń yìn yìí, ọmọ ẹgbẹ́ alárìnjó lòun náà. Gbọ̀ngàn ilé ìwé ni wọ́n ń lò, èrò á kún dé ẹnu ọ̀nà, àwa ọmọdé á wà lẹ́yìn pátápátá, ẹ̀yìn àgbàlagbà nìkan là ń rí. Ẹni tí ohùn rẹ̀ kò bá dé ọ̀dọ̀ wa kò jẹ́ òṣèré. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi kún eré wọn, torí ìdajì èrò kò rí wọn. Kámẹ́rà ló wá sọ fún àwọn tòní pé kò pọn dandan kí wọ́n sọ ọ́, pé àwòrán ti sọ ọ́.

Fún ìyá rẹ, mú Ṣaworoidẹ. Tunde Kelani ló gbé e jáde ní 1999, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́. Èmi kò mọ fíìmù mìíràn tó jẹ́ pé etí ni gbogbo ìtàn náà rọ̀ mọ́. Ọba tí kò ṣe orò, tó wá dé adé idẹ, tó bá gbọ́ ìlù ṣaworoidẹ báyìí, orí fífọ́ ló máa pa á. Ohun tí Lápìtẹ́, ọba inú fíìmù náà, ń bẹ̀rù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìró ni. Adébáyọ̀ Fálétí ló ṣe Baba Ọ̀pálábá níbẹ̀, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ n'Ìbàdàn, ohùn rẹ̀ á mú ìyá rẹ lọ́wọ́ rìn nínú ìlú Jogbo. Peter Fátómilọ́lá, ọmọ Èkìtì wa, ló ṣe awo ibẹ̀. Tó bá sì tẹ́ wọn lọ́rùn, Agogo Èèwọ̀ ti 2002 ló tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn èyí, wò Elesin Oba, èyí tí Biyi Bandele fi eré Ṣóyínká ṣe. Odunlade Adekola ni Ẹlẹ́ṣin. Òwe àti oríkì ibẹ̀ pọ̀, àmọ́ ibi tí àwọn òyìnbó wà, Gẹ̀ẹ́sì ni, ìwọ lo máa ṣe ògbufọ̀.

Bábà Ìkọ̀lé:
Bàbá Tíṣà, ẹ ṣeun sà. Mo máa gbé Ṣaworoidẹ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́la, mo fẹ́ wo orí tó máa gbé sókè.

Adùnní Ìkẹ́rẹ́:
Ẹ ṣé o, gbogbo yín pátá. Mo gbà pé kí ìjà wà, àbúrò mi Ọmọ Fábùnmi, kí wọ́n ṣáà máa rántí pé àwọn kan wà ní pálọ̀ tí wọn ò rí idà yẹn. Kí ẹnì kan pe orúkọ ẹni tó fẹ́ bá jà kó tó kọlù ú, ìyẹn nìkan ti tó, ṣebí bí àwọn jagunjagun gidi ṣe ń ṣe náà nìyẹn, wọ́n á ki ara wọn, wọ́n á pe ọ̀tá lórúkọ. Mo gbọ́ pé Netflix ní ibi tí ohùn kan ti ń ṣàlàyé àwòrán fún ẹni tí ò ríran, àmọ́ nínú àwọn Yorùbá tí èmi wò, mi ò tíì bá a pàdé lédè wa, bẹ́ẹ̀ irú olórin tí Ìyá Ìbejì sọ yẹn lè ṣe é bí eré.

A ti wo Ṣaworoidẹ. Àná Sátidé ni. Wọ́n mú iná lọ kó tó dé ìdajì, bátìrì lápútọ́ọ̀pù la fi ń bá a lọ, mo pa tọ́ọ̀ṣì fóònù mi kó má bàa jẹ bátìrì tiẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ò ṣe rí nǹkan kan nínú yàrá àfi ojú kọ̀ǹpútà yẹn. Baba Ọ̀pálábá á bẹ̀rẹ̀ òwe, Màmá á parí ẹ̀. Tí ìlù bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ti sọ ohun tó wí kí èmi tó gbọ́ ọ. Wọn ò bi mí pé ta nìyẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìgbà tó wá débi tí wọ́n ń lu ṣaworo fún Lágata, sójà tó fipá gba adé, tó di orí mú, mo wo ọwọ́ Màmá. Ó ti dúró. Hóró ẹ̀gúsí kan wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá wọn, wọ́n ti là á sí méjì, wọn ò tíì yọ ọmọ inú ẹ̀. Mo rò pé bóyá ó ti ga jù fún wọn létí, mo na ọwọ́ sí spíkà, wọ́n ní, "Fi í lẹ̀, jẹ́ kí wọ́n lù ú tán."

Bàbá Tíṣà, mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ fún wọn láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní kí n kí yín dáadáa. Wọ́n ní ṣé ẹ rántí pé kí ọkọ̀ àwọn alárìnjó tó yọ ní kọ́nà, ìlù lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́.