Mo ń wá ìmọ̀ràn lórí ìrìn-àjò wíwo ẹyẹ ní Extremadura

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti bàbá mi, tí wọ́n ti pé ẹni ọdún 71, fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ kan ní Extremadura, ẹkùn tí èrò kò pọ̀ sí ní ìwọ̀-oòrùn Sípéènì, kí a lè wo ẹyẹ pẹ̀lú afinimọ̀nà tó mọ ilẹ̀ náà dunjú. Igún ló wà lọ́kàn wọn jù, nítorí náà ọgbà Monfragüe ni a óò kọ́kọ́ dé, níbi tí àwọn igún ti máa ń rà bàbà yí àpáta ńlá etí odò Tagus ká.

Àkókò gan-an ló ń rú mi lójú. Nínú oṣù Kẹta, akọ great bustard, ìyẹn ẹyẹ ńlá kan tó ń gbé orí pápá, a máa tú ìyẹ́ funfun rẹ̀ síta láti fa abo mọ́ra ní pápá gbalasa ẹ̀bá ìlú Trujillo, ṣùgbọ́n bí a bá tètè lọ jù, bee-eater, ẹyẹ aláwọ̀ mèremère tó ń jẹ oyin, kò tíì ní ti Áfíríkà dé.

Lọ́dún tó kọjá, níbòmíràn, afinimọ̀nà kan kó àwa mẹ́rìndínlógún sídìí awò-awọ̀nàjíjìn ńlá kan ṣoṣo. Kí ó tó kan bàbá mi, ẹyẹ ti fò lọ. Wọ́n kàn nu awò ojú wọn, wọn kò sọ̀rọ̀, ó sì dùn mí títí di òní.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti lọ rí, ṣé ìparí oṣù Kẹta ni kí a lọ, àbí àárín oṣù Kẹrin? Èèyàn mélòó ló yẹ kó wà lábẹ́ afinimọ̀nà kan? Ṣé ẹni tí orúnkún ń dùn lè rí ẹyẹ dáadáa láìjìnnà sí ọkọ̀?