Courrières, 1906: kí ló pa awakùsà 1,099 nínú kùsà tí wọ́n ní kò ní gáàsì?

OlóòtúÀárọ̀:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ètò rédíò ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kan là ń múra rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹta, láti fi rántí àwọn awakùsà èédú tó kú ní Courrières, ní àríwá ilẹ̀ Faransé, lọ́dún 1906, àti àwọn tó yè é. Nǹkan mẹ́ta ló rú wa lójú. Wọ́n ní kùsà náà kò ní gáàsì, débi pé fìtílà tí iná rẹ̀ wà ní gbangba ni àwọn òṣìṣẹ́ ń lò. Bí kò bá sí gáàsì, kí ló wá bú gbàù? Báwo ni ènìyàn 13 sì ṣe jáde láàyè lẹ́yìn ogún ọjọ́? Àti pé báwo la ṣe fẹ́ ka orúkọ àwọn olóògbé láìsáré kà á bí ẹni ń ka ọjà? Ẹ dákun, àlàyé tó máa yé ẹni tí kò fojú kan kùsà rí la fẹ́.

AwoKùsà:

Eruku ni, Olóòtú. Eruku èédú fúnra rẹ̀ ló jó, òun ló sì yẹ kó ṣíwájú nínú ètò yín.

Gáàsì tí awakùsà ń ṣọ́ ni methane. Bó bá wọ inú afẹ́fẹ́ tó sì tó ìdá 5 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún, iná kékeré lásán á mú un bú. Láyé ọjọ́un, awakùsà máa ń rẹ iná fìtílà aláàbò rẹ̀, èyí tí iná rẹ̀ kò sí ní gbangba, sílẹ̀, á wá tẹjú mọ́ ọn: bí methane bá wà níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ á jókòó lé ahọ́n iná náà lórí. Courrières kì í ṣe kùsà tí wọ́n ń bẹ̀rù methane, ni ilé-iṣẹ́ tó ni kùsà náà bá gbà pé fìtílà gbangba kò léwu. Ṣùgbọ́n kò sí fìtílà tó lè sọ bí eruku ṣe pọ̀ tó. Eruku náà wà lórí igi tí wọ́n fi gbé òrùlé ró, ó wà nílẹ̀, ó wà lára ògiri, kò sì bú títí tí nǹkan fi gbé e dìde.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Nǹkan kékeré kan á bú níbì kan. Ìjì rẹ̀ máa ń sáré ṣáájú iná. Ìjì yẹn á gbọn eruku kúrò níbi tó bà sí, á tú u ká sínú afẹ́fẹ́. Iná á wá bá a níbẹ̀, á jó o lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn á sì tún bí ìjì tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nǹkan bíi gíráàmù 50 eruku nínú mítà kúbíìkì afẹ́fẹ́ kan ti tó. Eruku tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí kò nípọn ju ìwé pélébé lọ, lè pèsè iye yẹn. Methane máa ń jó tán níbi tó bá mọ, àmọ́ ibi tí eruku bá bà dé, iná á bá a dé ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ tó tó kìlómítà 110 fi bàjẹ́. Kànga ìwakùsà Méricourt, Sallaumines àti Billy-Montigny so pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè kọjá, kí òṣìṣẹ́ sì rí ọ̀nà míì sá gbà. Ọ̀nà kan náà ni iná gbà.

Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ohun tó tan iná àkọ́kọ́: àwọn kan ní ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ èédú ni, àwọn kan ní fìtílà gbangba ni. Èyí tí kò ní àríyànjiyàn ni pé iná ti ń jó nínú ìpele èédú tí wọ́n ń pè ní Cécile, ní kànga kẹta, láti bí ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Wọ́n ń mọ ògiri dí i kí afẹ́fẹ́ má baà dé ibẹ̀. Pierre Simon, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ricq, aṣojú àwọn awakùsà, ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀kalẹ̀ títí iná náà yóò fi kú. Wọ́n ṣì sọ àwọn òṣìṣẹ́ kalẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kẹwàá. Aago mẹ́fà ààbọ̀ kọjá díẹ̀ ló bú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo orúkọ Ricq.

Ẹ má sì sọ pé gbogbo wọn ló jóná. Lẹ́yìn irú ìbúgbàù báyìí, carbon monoxide ló ń kún ọ̀nà. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń so mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju bí ọ́síjìn ṣe ń so mọ́ ọn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Bó bá tó ìdá 1 péré nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ẹni tó ń mí in sínú ní.

ÌwéÀtijọ́:

Ọ̀gá AwoKùsà ti ṣe é tán lórí eruku. Èmi á fi ti àwọn tó yè é kún un.

Ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ni àwọn 13 náà jáde. Wọ́n ti rìn káàkiri nínú òkùnkùn, láàárín òkú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Wọ́n jẹ ọkà óòtì tí wọ́n tọ́jú fún ẹṣin tó ń fa kẹ̀kẹ́ èédú lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n jẹ èèpo igi tí wọ́n fi ti òrùlé, wọ́n sì jẹ ẹran ẹṣin ní tútù. Henri Nény àti Charles Pruvost ni ìjọba Faransé fi oyè Légion d'honneur dá lọ́lá nínú wọn. Anselme ọmọ Pruvost wà lára àwọn tó jáde pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin, ẹnì kẹrìnlá, Auguste Berthou, tún jáde. Nítorí náà, 14 ni kí ẹ wí. Àwọn kan máa ń dúró sórí 13 kí Berthou tó jáde, ìyà ńlá ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́.

Ohun tó mú inú bí àwọn ará ìlú nìyẹn. Ọjọ́ díẹ̀ péré ni wọ́n fi wá ènìyàn tọkàntọkàn kí wọ́n tó gbà pé kò sẹ́ni tó kù láàyè, alààyè sì ń bẹ nísàlẹ̀. Ìyanṣẹ́lódì ti gba gbogbo agbègbè náà kan kí àwọn 13 tó jáde, Clemenceau tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé sì kó sójà lọ. Ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún yẹn kan náà ni òfin ìsinmi ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ jáde ní Faransé.

Ẹ mẹ́nu ba àwọn ará Jámánì náà. Àwọn awakùsà láti Westphalia dé ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta pẹ̀lú ẹ̀rọ ìmí tó ń lo ọ́síjìn, èyí tó jẹ́ kí wọ́n lè wọ ibi tí carbon monoxide wà. Ogun tí Faransé àti Jámánì bá ara wọn jà kò tíì ju ọdún 35 sẹ́yìn lọ nígbà náà.

Ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu: ẹ má pè é ní èyí tó burú jù lágbàáyé. Ti Yúróòpù ni. Benxihu ní China, lọ́dún 1942, pa ènìyàn 1,549. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi Iva Valley ní Enugu kún un, ẹ má pa á pọ̀ mọ́ ti Courrières. Ọlọ́pàá ló yìnbọn pa awakùsà 21 níbẹ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1949, nígbà tí wọ́n ń bá ìjọba amúnisìn jà lórí owó iṣẹ́. Ìyẹn tó ètò tirẹ̀ lọ́tọ̀.

EtíRédíò:

Ní ti orúkọ: bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú-àáyá 3 ka ọ̀kọ̀ọ̀kan, 1,099 á gbà yín ní ìṣẹ́jú 55. Kò lè wọ inú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ kà á ní ìlú-ìlú: Méricourt 404, Sallaumines 304, Billy-Montigny 114, Noyelles-sous-Lens 102, àwọn 175 tó kù láti ìlú yòókù. Lẹ́yìn iye ìlú kọ̀ọ̀kan, ẹ ka orúkọ mẹ́wàá pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn. Ọjọ́ orí ló ń mú olùgbọ́ dúró, torí ọmọdékùnrin ọlọ́dún 13 àti 14 wà níbẹ̀. Ẹ má pe "t" tó gbẹ̀yìn Méricourt.

Tí ẹ bá fẹ́ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ sọ fún ẹnjiníà yín ṣáájú. Ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ rédíò púpọ̀ máa ń gbà pé nǹkan ti bàjẹ́ tí ohùn bá kú, á sì ki orin bọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ fi ìró afẹ́fẹ́ jẹ́jẹ́ sábẹ́ rẹ̀.

OlóòtúÀárọ̀:

Ẹ ṣeun gan-an. 14 la máa wí, Ricq á sì wọlé. Ọ̀gá AwoKùsà, kí ni wọ́n wá rí ṣe sí eruku náà lẹ́yìn ikú yìí?

AwoKùsà:

Wọ́n fi eruku bá eruku jà. Jacques Taffanel ṣe ìwádìí rẹ̀ ní Liévin, nítòsí ibẹ̀, lẹ́yìn àjálù náà. Ẹ lọ òkúta ẹfun kúnná, ẹ fọ́n ọn sórí ilẹ̀, ògiri àti òrùlé. Bí ìjì bá dé, á gbé eruku òkúta pọ̀ mọ́ ti èédú. Òkúta kì í jó, á mu ooru náà, iná á kú. Wọ́n tún máa ń to pákó sókè ọ̀nà, wọ́n á da eruku òkúta lé e, kí ìjì lè yẹ̀ ẹ́ lulẹ̀ ṣáájú iná. Òfin Amẹ́ríkà lónìí ni pé ohun tí kò lè jó gbọ́dọ̀ tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún àpòpọ̀ náà.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé eruku èédú tuntun máa ń bà lé òkúta lórí lójoojúmọ́, tòkè sì ni ìjì kọ́kọ́ ń gbé. Ẹni tó fọ́n òkúta lẹ́ẹ̀kan tí kò tún padà fọ́n ọn kò tíì ṣe nǹkan kan. Bí omi bá sì kàn án, á dì bí sìmẹ́ńtì, ìjì á kọjá lórí rẹ̀, kò sì ní dìde.