Mọ́tò ti mọ́ mi lára, mo wá fẹ́ máa gun alùpùpù: kí ni kí n mọ̀?

Awakọ̀ Òwúrọ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mọ́tò ni mo ń wà lọ síbi iṣẹ́, ó sì ti mọ́ mi lára débi pé ẹsẹ̀ mi ti máa ń tẹ bíréèkì kí n tó rò ó. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti sú mi, mo fẹ́ ra alùpùpù. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ẹni tó mọ mọ́tò wà, alùpùpù ò lè nira fún un. Ìyàwó mi ní irọ́ ni, pé méjèèjì ò jọra rárá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ méjèèjì, kí lẹ rí sí i?

Ẹlẹ́ṣin Irin:
Ìyàwó yín ló sọ òótọ́. Ojú ọ̀nà lẹ mọ̀, ẹ ò tíì mọ alùpùpù. Lórí ọ̀pọ̀ alùpùpù, ọwọ́ òsì ló ń fún kílọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ òsì ló ń pààrọ̀ jíà. Ọwọ́ ọ̀tún tó ń fi kún eré náà ló ń fún bíréèkì iwájú, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ni ti ẹ̀yìn. Bí ẹ̀rù bá bà yín lójijì, ẹsẹ̀ yín á sáré tẹ bíréèkì bíi ti inú mọ́tò. Ti ẹ̀yìn nìkan lẹ tẹ̀ yẹn, táyà ẹ̀yìn sì lè yọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí alùpùpù bá ń dúró, iwájú ni ìwúwo rẹ̀ ń rọ́ sí, ìdí nìyẹn tí bíréèkì iwájú fi lágbára jù. Ẹ rọra fún un, kẹ́ ẹ wá máa le mọ́ ọn. Ẹ má fún un pa lẹ́ẹ̀kan náà. Bí agbára yín bá ká a, ẹ ra èyí tó ní ABS, ìyẹn ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há pa bí ẹ bá fún bíréèkì lójijì.

Kọ́nà ńkọ́? Bí eré bá ti kọjá nǹkan bíi 20 kìlómítà ní wákàtí kan, tẹ́ ẹ bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún, irin ìdìmú apá ọ̀tún lẹ máa rọra tì síwájú. Alùpùpù á dà sọ́tùn-ún, á sì yà. Ó ṣòro gbà gbọ́ títí ara á fi mọ̀ ọ́n. Ibi tẹ́ ẹ fẹ́ lọ ni kẹ́ ẹ máa wò, torí ẹni tó bá tẹjú mọ́ kòtò, inú rẹ̀ ló ń kó sí.

Ìyá Onímọ́tò:
Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ má fojú kéré ohun tí mọ́tò ti kọ́ yín. Ẹ mọ ibi tí díńgí dírẹ́bà ò dé. Ẹ má gun alùpùpù pẹ́ níbẹ̀. Oríta ló ń bà mí lẹ́rù jù, pàápàá mọ́tò tó ń bọ̀ níwájú tó fẹ́ gba iwájú yín yà. Dírẹ́bà náà lè wo ọ̀nà o, àmọ́ mọ́tò lojú rẹ̀ ń wá. Ohun tín-ín-rín tó ń bọ̀ lè má wọ ojú rẹ̀, ó sì ṣòro fún un láti mọ bó ṣe ń sáré tó. Ẹ dín eré kù, kí ìka yín wà lórí bíréèkì.

Awakọ̀ Òwúrọ̀:
Ẹ ṣé gan-an, mà. Akoto tó bo àtàrí nìkan, ṣé ó tó?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Kò tó, ẹ̀gbọ́n. Nínú mọ́tò, bẹ́líìtì dì yín mú, irin sì yí yín ká. Lórí alùpùpù, ara yín gan-an ló máa kan ilẹ̀. Àkójọ ìwádìí fi hàn pé akoto ń dín ewu ikú kù ní nǹkan bí ìpín 42 nínú 100, ó sì ń dín ìfarapa orí kù ní ìpín 69. Ẹ ra èyí tó bo àgbọ̀n, kẹ́ ẹ so okùn rẹ̀ le. Ìbọ̀wọ́, jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn, bàtà tó ga kọjá ọrùn ẹsẹ̀: ẹ jọ̀wọ́, bí oòrùn tilẹ̀ mú.

Ẹlẹ́ṣin Irin:
Ẹ má ta mọ́tò yín o. Bí òjò bá ń rọ̀, ilà tí wọ́n fi ọ̀dà kùn sójú títì àti ìdérí irin tí wọ́n fi bo ihò ojú títì máa ń yọ̀ gan-an. Bó bá rẹ̀ yín, mọ́tò ni kẹ́ ẹ gbé lọ́jọ́ náà. Kẹ́ ẹ tó jáde sáàárín ọkọ̀, ẹ wá olùkọ́, kẹ́ ẹ lọ síbi gbalasa tí kò sí ọkọ̀, kẹ́ ẹ fi dídúró lójijì dánra wò títí ọwọ́ yín á fi ṣáájú ẹsẹ̀. Ẹ má tíì gbé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn.

Awakọ̀ Òwúrọ̀:
Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Olùkọ́ ni màá kọ́kọ́ wá, kí n tó ra nǹkan kan.