Kí la lè fi èèpo pákí ṣe lásìkò òjò?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Gààrí là ń yan l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí. Èèpo pákí ti di òkìtì lẹ́yìn ẹ̀rọ, òórùn rẹ̀ ò sì ṣeé fara dà. Ìlànà tí àwọn ILRI (àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí lórí ẹran ọ̀sìn) n'Ìbàdàn gbé jáde dùn mọ́ mi: ẹ lọ èèpo tútù, ẹ fi jáàkì fún omi rẹ̀ jáde, ẹ sá a títí á fi gbẹ, májèlé rẹ̀ á dínkù, ó di oúnjẹ ẹran. Ṣùgbọ́n níbo la ti fẹ́ rí oòrùn nínú òjò? Dísù tí ẹ̀rọ ń mu wọ́n, pákí gààrí la sì kọ́kọ́ ń fi ẹ̀rọ lọ̀ (ẹ má bá ìyá wa jà, òun ló lẹ̀rọ). Àwọn tó ń po oúnjẹ adìyẹ ò ra ẹrù kékeré. Ṣé ká dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ni, àbí ká yan èèpo náà nínú agbada bíi gààrí? Ta ló ti ṣe é rí?