Ìyá mi ṣubú ní Kétu, egungun itan rẹ̀ fọ́: ṣé kí a gbà kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un?

Ọmọ Àkàbà (Kétu)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ẹni tó bá mọ̀ nípa egungun itan àgbàlagbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn.

Ìyá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó dìde láti ṣe àlùwàlá. Omi wà lórí sìmẹ́ńtì ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀, bàtà rọ́bà rẹ̀ yọ̀, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lulẹ̀. Kò dákú, kò sì forí gbá nǹkan kan. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti fi ìborùn rẹ̀ di itan náà mú, ó ní kí n má fọwọ́ kan òun. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ti kúrú ju ti òsì lọ, ó sì ti yí síta, gbogbo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ dojú kọ ògiri.

A gbé e lọ ya fọ́tò egungun. Dókítà fi hàn mí pé kì í ṣe ọrùn egungun ló fọ́, ìsàlẹ̀ ọrùn ni, láàárín kókó méjì tó wà lára egungun itan. Kókó kékeré tó wà lápá inú ti já lọ lọ́tọ̀. Ó ní èyí kò lè dá dúró, kí a gbé e lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) kí wọ́n ki ọ̀pá irin bọ inú egungun náà, kí a má sì fi falẹ̀.

Ilé ti pín sí méjì báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kútọnu ní kí a ṣe é. Àbúrò bàbá mi ní ẹni tó dàgbà tó báyìí kì í jáde láàyè ní yàrá iṣẹ́ abẹ, pé bàbá kan wà lóko tó ń to eegun, oṣù mẹ́ta péré ni. Owó irin nìkan ju gbogbo ohun tí mo rí lórí àgbàdo lọ́dún tó kọjá. Tí egungun bá máa jò pọ̀ fúnra rẹ̀, kí ló dé tí a ó fi la ara ìyá àgbà? Òní ni ọjọ́ kẹta.

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ọlọ́run á fún ìyá lálàáfíà. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì fún àwọn tí egungun wọn fọ́. Ìbéèrè yín tó gbẹ̀yìn ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, torí kò sí ẹbí tí kì í bi wá.

Òótọ́ ni, egungun ibẹ̀ lè jò pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń dé ibẹ̀ dáadáa. Ọrùn egungun ni kò rí bẹ́ẹ̀: tó bá fọ́ tó sì yẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè má dé orí egungun mọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà máa ń yọ orí náà fún àgbàlagbà, kí wọ́n fi ti irin rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ti ìyá yín tó jò pọ̀ lórí ibùsùn, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ara ìyá kò ní lè dúró dè é. Mo ti rí i tó kí n má fi bò fún yín. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, awọ ìdí á dúdú sí i, á gbóná, á sì le bí awọ bàtà lábẹ́ ìka. Egbò ti bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ nìyẹn, bí ojú rẹ̀ kò tiẹ̀ tíì là. Gìgísẹ̀ náà ń bọ̀. Ẹni tó dùbúlẹ̀ gbalaja kì í mí dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, ni ikọ́ bá wọlé. Ẹ̀jẹ̀ á dì nínú iṣan ẹsẹ̀. Ìrora á mú kó kọ oúnjẹ. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ló ń pa wọ́n. Torí kí ìyá lè jókòó lọ́jọ́ kejì, kó dìde dúró, kó jẹun bí èèyàn, ni a ṣe ń ṣiṣẹ́ abẹ yìí.

Ohun tí dókítà pè ní kò lè dá dúró: egungun apá inú yẹn ló ń gbé ìwúwo ara ró. Ẹ wo ògiri tí wọ́n yọ búlọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀ rẹ̀ lápá kan. Bí ẹ ṣe ń tún un gbé dúró ni yóò máa wó síbẹ̀. Ẹran itan sì ń fa egungun náà sókè tọ̀sán-tòru, òun ló mú kí ẹsẹ̀ kúrú. Igi tí wọ́n bá dì mọ́ ìta itan kò lè ká a lọ́wọ́ kò. Mi ò bú àwọn bàbá tó ń to eegun o. Mo ti rí apá ọmọdé tí wọ́n tò tó gún régé. Ẹ má kàn jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òróró wọ́ itan ìyá báyìí, ẹ jọ̀ọ́.

Ní ti irin, pẹlẹbẹ irin kan wà tí wọ́n ń fi vis (ìṣó oníyípo) kàn mọ́ ìta egungun, tí vis ńlá kan sì gba inú ọrùn lọ sínú orí egungun. Ó dára fún èyí tó fọ́ àmọ́ tó ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Fún irú ti ìyá, pàápàá bí ojú ibi tó fọ́ bá dà sódì tàbí tó bá sọ̀kalẹ̀ wọ ọ̀pá itan, ọ̀pá tó gba inú egungun lọ ló yẹ, èyí tí dókítà ń pè ní clou gamma. Àárín egungun ló wà, ó sún mọ́ ibi tí ìwúwo ara ń gbà kọjá, kì í tètè tẹ̀. Ojú abẹ rẹ̀ kéré.

Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè yìí kí ẹ tó sanwó: ẹ̀rọ tó ń fi egungun hàn nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí? Òun ni oníṣẹ́ abẹ fi ń mọ ibi tí ẹnu vis ńlá dé. Ó gbọ́dọ̀ wà láàárín gbùngbùn orí egungun, kó sì jinlẹ̀. Láti ọdún 1995 tí Baumgaertner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti gbé ìwádìí wọn jáde ni wọ́n ti ń wọn bó ṣe jìnnà sí ṣóńṣó orí egungun, lórí fọ́tò iwájú àti ti ẹ̀gbẹ́. Àròpọ̀ méjèèjì kò yẹ kó ju 25 mm lọ. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, vis lè gún egungun rírọ̀ náà já síta, kí ẹ tún padà sórí tábìlì.

Ẹ wá ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú. Itan á wú díẹ̀ lásán lójú yín, ẹ̀jẹ̀ tó ti dà sínú rẹ̀ sì lè pọ̀.

Ẹ bá mi sọ fún àbúrò bàbá yín pé ẹ̀rù tó ń bà wọ́n ní ìdí. Ní Yúróòpù pàápàá, nínú àgbàlagbà mẹ́wàá tí ìbàdí wọn fọ́, bíi méjì sí mẹ́ta ló ń kú kí ọdún tó yí po. Àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ lórí ẹní ló ń kú jù. Láàárín wákàtí 48 ló yẹ kí wọ́n ti ṣe é. Kò tíì pẹ́ jù fún yín, ṣùgbọ́n ẹ má tún pe ìpàdé ẹbí mìíràn.

Ìyá Ṣábẹ

Ọmọ mi, mi ò mọ̀wé, ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹsẹ̀ bàbá mi rí, ó kúrú, ó yí síta. A gbé wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun, n kò ní dárúkọ ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méje. Tí wọ́n bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹ̀ lójúde, wọ́n á ti máa sunkún kó tó wọlé. Egbò ìdí wọn jìn tó fi jẹ́ pé ẹyin adìyẹ lè wọ inú ẹ̀. Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, mo mọ̀ ọ́n. Ẹni náà ní egungun ti jò. Ó sì jò lóòótọ́. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìyẹn la sin bàbá mi. Gbé ìyá rẹ lọ.

Ọmọ Àkàbà (Kétu)

Ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé. Màmá Ṣábẹ, mo ka ti yín fún àbúrò bàbá mi, wọn ò fèsì, àmọ́ àwọn ló lọ pe ọkọ̀. Ọ̀nà Pọbẹ̀ la gbà, a tẹ́ tìmùtìmù sẹ́yìn ọkọ̀, mo fi ìrọ̀rí méjì há ẹsẹ̀ náà.

Ọmọ Àkàbà (Kétu), ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà

Wọ́n ti ṣe é o, ọjọ́ karùn-ún tó ṣubú. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n fún un, kò sùn pátápátá. Mo bi wọ́n nípa ẹ̀rọ náà, wọ́n sì mú mi lọ wò ó. Lóru ọjọ́ kejì, ìyá bẹ̀rẹ̀ sí bá àǹtí rẹ̀ tó ti kú tipẹ́ sọ̀rọ̀, ó ń já okùn omi ọwọ́ rẹ̀. Àbúrò bàbá mi ní wọ́n ti wá mú un lọ nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ní ó máa ń ṣe àgbàlagbà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó ní kí a tan iná, kí a wọ ìgò ojú fún un, kí ohùn tó mọ̀ máa bá a sọ̀rọ̀, kó sì mu omi. Mo jókòó tì í, mò ń ka orúkọ àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ kẹrin, orí rẹ̀ ti padà. Ó bú mi pé mi ò tíì jẹun.

Ó ti ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró nínú irin ìrìn. Ìgbọ̀nsẹ̀ ló kù, ṣáláńgá la ní nílé, kò sì lè lóṣòó.

Kiné Pọbẹ̀ (ẹni tó ń kọ́ aláìsàn ní ìrìn)

Ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n. Kó má lóṣòó rárá. Ẹ mú àga onígi tó lápá lọ sọ́dọ̀ káfíńtà, kó gbẹ́ ihò sí ìjókòó rẹ̀, kí ìjókòó náà ga dé ẹ̀yìn orúnkún ìyá nígbà tó bá dúró, ẹ lọ fi okùn wọ̀n ọ́n kí ẹ tó lọ. Ẹ ki póò sábẹ́ rẹ̀, nínú yàrá, kó má bàa jáde lóru. Kó máa tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ bí ara bá ṣe gbà á, ọ̀pá tó wà nínú rẹ̀ lè gbé e. Ẹ má dá abẹ́rẹ́ ikùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì dúró kó tó pé ọjọ́ tí wọ́n kọ, ó sábà máa ń tó oṣù kan. Bàtà rọ́bà yẹn ńkọ́, ṣé ó ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà?

Ọmọ Àkàbà (Kétu)

Mo ti sọ ọ́ nù. Ọ̀la ni káfíńtà ń bọ̀ wá wọn àga.