Ṣé àtúnṣe kọ́nstitúṣọ̀n lè fún wa ní ìpínlẹ̀ Okun lóòótọ́?

ỌmọÌsánlú:
Okun o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Sunday. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ṣèpàdé, wọ́n ní ká dá 2,000 náírà lórí kọ̀ọ̀kan torí ìpínlẹ̀ Okun tí wọ́n ń lépa l'Ábújá fún àwa Yorùbá tó wà ní Kogi, wọ́n ní ṣebí orúkọ Okun wà lára ìpínlẹ̀ tuntun 31 táwọn èèyàn ń bèèrè fún tí wọ́n kà jáde nílé aṣojú-ṣòfin ní February 2025. Inú mi dùn, mo ti ń fa owó yọ. Àfi bí bàbá àgbà kan ṣe dìde, wọ́n ní owó àwọn ò sí níbẹ̀, pé àwọn ò rí alágbádá tó dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ rí, sójà nìkan ló ń ṣe é. Ni gbogbo ilé bá dàrú. Ṣé òótọ́ ni bàbá ń sọ? Ta ló ń dìbò sí kọ́nstitúṣọ̀n yìí gan-an kó tó yí padà? Ẹ jọ̀ọ́, mi ò bèèrè ọ̀rọ̀ pátì o.

TíṣàKàbbà:
Àbúrò, okun o. Ẹyọ kan ṣoṣo ni bàbá gbàgbé. Mid-West, 1963, alágbádá ló dá a, wọ́n yọ ọ́ lára Western Region, àwọn ará ibẹ̀ sì dìbò sí i fúnra wọn. Látìgbà yẹn, sójà ni o. Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12 ní 1967, ìgbà yẹn la bọ́ sí èyí tí wọ́n wá ń pè ní Kwara, Murtala sọ ọ́ di 19 ní 1976, Babangida fi méjì kún un ní 1987 ó tún wá dá mẹ́sàn-án ní August 1991, ìyẹn ni wọ́n fi yọ wá kúrò ní Kwara tí wọ́n kó wa pọ̀ mọ́ àwọn ará Igala tó wà ní Benue, wọ́n sọ ọ́ ní Kogi, Abacha wá parí ẹ̀ sí 36 ní 1996. Wọ́n á kà á lórí rédíò, ó ti di òfin nìyẹn. Kò sẹ́ni tó bi àwọn bàbá wa léèrè nígbà kankan.

Ọ̀nà alágbádá wà ní section 8 nínú kọ́nstitúṣọ̀n, ó sì gùn gan-an. Àwọn tó ń ṣojú àdúgbò tó fẹ́ ìpínlẹ̀, láti sẹ́nétọ̀ títí dé kánsẹ́lọ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà àwa ará ìlú á dìbò, ìdá méjì nínú mẹ́ta náà ni. Ibi tó wá le rèé: àwọn ìpínlẹ̀ tó kù gbọ́dọ̀ gbà, ó gbọ́dọ̀ ju ìdajì wọn lọ, ìyẹn ni pé ará Sokoto àti ará Bayelsa ló máa sọ bóyá Ìjùmú, Bùnú àti Yàgbà á ní ilé tiwọn. Kó tó wá padà s'Ábújá fún ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ mú section 8 yẹn rọrùn, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ni wọ́n ń bèèrè fún ìyẹn l'Ábújá. Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní government ó ti pẹ́, ibẹ̀ sì máa ń dùn mí gan-an ni tí mo bá dé ibẹ̀.

ÌyáOníṣuMọ̀pà:
Ẹ ṣeun Tíṣà. Tèmi ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ti ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ná. Àwọn tó ń bá mi gbin iṣu ò lè sùn lóko mọ́, wọ́n ń bẹ̀rù ajínigbé, iṣu tó yẹ ká wà ní December ṣì ń bẹ nínú ilẹ̀. Àwọn ọdẹ wa ń gbìyànjú o, Ọlọ́run á máa ṣọ́ wọn, ṣùgbọ́n ọdẹ ò ní agbára ọlọ́pàá.

TíṣàKàbbà:
Òótọ́ lẹ sọ, màmá. Section 214 ló dè é mọ́lẹ̀, ó ní ọlọ́pàá kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà ní Nàìjíríà, kò gbọdọ̀ sí òmíràn. Ìyẹn ò le tó ti ìpínlẹ̀ tuntun, ìdá méjì nínú mẹ́ta l'Ábújá àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 ti tó.

Ẹ̀gbẹ̀NíLomé:
Okun o. Togo ni mo ti ń tajà, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ojú mi rí. Tiyín le jù, tibí rọrùn jù. Ní April 2024 àwọn aṣòfin níbí jókòó, wọ́n yí ìjọba padà pátápátá, ará ìlú ò dìbò yan ààrẹ mọ́, àwọn aṣòfin ló ń yàn án, agbára sì ti kúrò lọ́wọ́ ẹ̀, ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń pè ní olórí ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà, òfin ò sì fi òdiwọ̀n sí iye ìgbà tí ẹnì kan lè tún gba ipò yẹn. May 2025 ni Faure Gnassingbé gba ipò náà, òun tó ti ń ṣe ààrẹ láti 2005 lẹ́yìn bàbá ẹ̀. Wọn ò pè wá láti dìbò sí i. Torí náà tí section 8 yẹn bá ní kí ará ìlú dìbò, ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ ìyẹn kúrò.

Akọ̀wéÌyàrà:
Ẹ jẹ́ ká wo 24 tí Tíṣà dárúkọ yẹn dáadáa, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ máa ń kú sí. Ní 2022 Abuja fi àtúnṣe 44 ránṣẹ́ sí àwọn ìpínlẹ̀. Buhari fọwọ́ sí 16 ní March 2023, lára ẹ̀ ni iná mànàmáná, ìpínlẹ̀ ti lè pèsè iná kó sì pín in kódà níbi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ dé, rélùwéè náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn ò rí ìpínlẹ̀ 24. Kí ló fà á? Owó ìjọba ìbílẹ̀ inú àpò kan náà pẹ̀lú ti ìpínlẹ̀ ló ń gbà kọjá, gómìnà ló di àpò yẹn mú, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ sì ń bẹ̀rù gómìnà. Ó di July 2024 kí Supreme Court tó ní kí wọ́n máa san án fún wọn tààrà. Ilé ẹjọ́ ló wá ṣe ohun tí àwọn tá a dìbò fún ò ṣe. Gbogbo wa mọ orúkọ sẹ́nétọ̀ wa, àwa mélòó ló mọ ẹni tó ń ṣojú wa nílé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní Lọ́kọ́ja?

ỌmọÌsánlú:
Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Èmi gan-an ò mọ orúkọ ẹ̀, àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bèèrè. Màá dá 2,000 náà, ṣùgbọ́n màá ní kí ẹgbẹ́ kọ lẹ́tà pe ọ̀gbẹ́ni náà wá sípàdé, kó sọ ibi tó máa dìbò sí lórí ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ àti bó ṣe máa bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ láti ìpínlẹ̀ tó kù sọ̀rọ̀ lórí Okun.

ÌyáOníṣuMọ̀pà:
Ọmọ mi, fi ti oko sínú lẹ́tà yẹn. Tó bá fèsì, wá sọ fún wa níbí.