Ìmọnú ni mo fara mọ́, kì í ṣe ẹ̀dùn-ọkàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin àgbà nínú èdè. Ìbéèrè tí olùkọ́ kan bi wá lọ́sẹ̀ tó kọjá kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ òun fẹ́ máa kó àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jọ ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí wọ́n máa kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń mọ ohun tó ń ṣe é nínú, bó ṣe lè bínú láìlu ẹnikẹ́ni, bó ṣe ń bá ẹgbẹ́ ṣeré kó má di ìjà. "Social and emotional learning" ni wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì. Kí ni ká máa pè é ní Yorùbá? Ẹ̀gbọ́n wa kan dáhùn pé "ẹ̀kọ́ ẹ̀dùn-ọkàn àti àwùjọ". Àgbà mìíràn ní ká má wulẹ̀ dá orúkọ kankan sílẹ̀, pé ẹ̀kọ́ ilé ni, ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí sì ti kó gbogbo rẹ̀ já. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún àwọn méjèèjì, mi ò fara mọ́ èyíkéyìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ẹ̀dùn-ọkàn. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń kọ ọ́ fún gbogbo ohun tí èèyàn ń mọ̀ nínú, ìbáà jẹ́ ayọ̀ tàbí ìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ìyá kan lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé pé "ọmọ yín ní ẹ̀dùn-ọkàn", kí ẹ wo bí ojú rẹ̀ yóò ṣe yí padà. Ohun tó dunni ni ẹ̀dùn. Olóòkú là ń bá kẹ́dùn. Bí a bá fi orúkọ yìí pe ẹ̀kọ́ náà, àwọn òbí á rò pé ọmọ tí nǹkan burúkú ṣẹlẹ̀ sí nìkan ló wà fún. "Ìmọ̀lára" sàn jù ú lọ, mi ò sì ní bá ẹni tó bá lò ó jà, àfi pé òtútù àti ooru náà là ń mọ̀ lára.

Inú ni Yorùbá ń wò nígbà tó bá ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Inú ń dùn, inú ń bà jẹ́, inú ń bí, inú ń ru. Onínúure wà, onínúfùfù wà. Lóòótọ́, ojú ló ń tini, àyà ló ń já, orí ló ń wú, ṣùgbọ́n tí a bá fẹ́ mọ ohun tí èèyàn kò tíì fi hàn síta, inú là ń béèrè. Àwọn àgbà sì ní ẹni tó bá mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká pè é ní ẹ̀kọ́ ìmọnú àti ìbágbépọ̀. Ìmọnú yìí kọjú sí ọ̀nà méjì: mo lè mọ inú ara mi, mo sì lè mọ inú ẹlòmíràn. Ohun tí ẹ̀kọ́ náà ń wá gan-an nìyẹn.

Ẹnìkan á sọ pé ikùn náà ni inú, pé ọ̀rọ̀ náà á dàrú mọ́ àwọn ọmọ lójú. Mo ti jókòó ti irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀, á tó ọmọ ọdún méje, tí inú máa ń run nígbàkígbà tó bá kàn án láti kàwé sétí àwọn yòókù. Olùkọ́ rẹ̀ kò pè é ní ọ̀lẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní: "Ṣé inú ló ń run ẹ́, àbí àyà ẹ ló ń já?" Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀, ó gbé ọwọ́ kúrò níkùn, ó gbé e lé àyà. "Àyà mi ni." Olùkọ́ wá ní kí ẹni tí àyà rẹ̀ máa ń já bẹ́ẹ̀ nawọ́ sókè, ọwọ́ tó sì nà sókè kò kéré. Ọ̀rọ̀ tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ló fún ọmọ yẹn láyè láti bẹ̀rẹ̀ níbi tó wà, kó sì rìn dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń lo ìlànà CASEL, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1994 nítorí irú ẹ̀kọ́ yìí. Ohun márùn-ún ni wọ́n kà: kí ọmọ mọ ara rẹ̀, kó lè kó ara rẹ̀ níjàánu, kó mọ bó ṣe ń ṣe ẹlòmíràn, kó lè bá èèyàn ṣe, kó sì lè ṣe ìpinnu tó dáa. Ìkóra-ẹni-níjàánu ti wà nínú Bíbélì wa tipẹ́, kò sí ohun tí a fẹ́ tún ṣe sí i. Ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Mo rí "ìmọra-ẹni" nínú ìwé kan, ó sì fara pẹ́ ìmọtara-ẹni-nìkan débi pé ọmọdé á pa méjèèjì pọ̀. "Ìmọnú-ara-ẹni" kò ní wàhálà yẹn.

Ìkẹta ló gbé àríyànjiyàn tó pọ̀ jù wá. "Ìbánikẹ́dùn" ni ẹ̀gbọ́n wa kọ. Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan tí ẹ̀yin tó wà ní Kánádà lè ti gbọ́. Ní Toronto ní 1996, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Mary Gordon dá ètò Roots of Empathy sílẹ̀, kí àwọn ọmọ lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ bó ṣe ń ṣe ẹlòmíràn. Òbí kan ládùúgbò á gbé ọmọ ọwọ́ rẹ̀ wá sí kíláàsì, wọ́n á tẹ́ aṣọ aláwọ̀ ewé sílẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó yí i ká. Wọ́n á máa wo ọmọ náà bó ṣe ń nawọ́ sí ohun ìṣeré tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Kí ló ń ṣe é nínú báyìí? Ìgbà wo ni irú rẹ̀ ṣe ìwọ náà rí? Jálẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ ni ọmọ náà á máa padà wá, tí wọ́n á máa rí i bó ṣe ń dàgbà. Bó bá wá rẹ́rìn-ín nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ tó nǹkan náà, táwọn ọmọ kíláàsì sì bá a yọ̀, ẹ̀dùn wo ni wọ́n bá a kẹ́? Ìfọ̀rọ̀-ro-ara-ẹni-wò ni. Ó gùn, mo gbà, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Yorùbá tí wọn kò tíì sọ fún pé "fi ro ara rẹ wò". Òwe ẹni tó fẹ́ fi ọ̀pá ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ sì ti ṣàlàyé rẹ̀ tán.

Mo wá padà sọ́dọ̀ bàbá wa tó ní ọmọlúàbí ti tó. Ẹ̀kọ́ ilé ṣeyebíye lójú mi, òun ló tọ́ mi. Ìwà ló ń wò, bí ọmọ ṣe kí àgbà, bó ṣe jókòó, bó ṣe pín ẹran fún àbúrò. Kì í sábà béèrè ohun tó wà nísàlẹ̀ ìwà náà. Bí ọmọkùnrin bá ń sunkún, "dákẹ́, ọkùnrin kì í sunkún" ni yóò gbọ́. Bí àlọ́ Ìjàpá bá parí, a ń béèrè ohun tí ó kọ́ wa. Olùkọ́ ìmọnú á béèrè ohun tó ń jà nínú Ìjàpá kó tó jalè. Ìyàtọ̀ ńlá ni. Ní 2011, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Joseph Durlak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àbájáde irú ètò ẹ̀kọ́ yìí 213 jọ, táwọn akẹ́kọ̀ọ́ inú wọn lé ní 270,000. Wọ́n rí i pé ìwà àwọn ọmọ náà dára sí i, ìwé wọn náà sì ń lọ sókè. Ètò tó ń tẹ̀ lé ara wọn ní ìpele-ìpele, tó ń jẹ́ kí ọmọ fi ara ṣe é dípò kó kàn gbọ́ ọ, ló ṣiṣẹ́ jù. Ìmọ̀ọ́ṣe ni, bí mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Ìwàásù kò lè fi í lé ọmọ lọ́wọ́.

Nítorí ìyẹn náà ni mi ò ṣe fẹ́ ká pe ìjókòó àwọn ọmọ náà ní "ìdánilẹ́kọ̀ọ́". Ẹnìkan ló ń sọ̀rọ̀ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, àwọn tó kù ń gbọ́. A ní agbo eré, a ní agbo ijó, kálukú ń wo ojú ẹnì kejì, ó sì ń kan gbogbo wọn láti bọ́ sáàárín. Agbo ẹ̀kọ́ ni kó jẹ́.

Ibi tí mo ti nílò ìrànlọ́wọ́ yín nìyí. Ọmọ tó ń gbìyànjú nǹkan léraléra tí kò bọ́ sí i, ìbínú kọ́ ló wà nínú rẹ̀, ìbànújẹ́ kọ́. Ní Ìbàdàn a ń sọ pé ó tojú sú u. Àwọn ọmọdé fúnra wọn sì máa ń ní "ó ń ṣe mí bákan", lórí ohun tó tó mẹ́wàá tó yàtọ̀ síra. Ẹ̀yin ará Èkìtì, Oǹdó àti Ìjẹ̀bú, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ohun táwọn ọmọ yín ń sọ gan-an ránṣẹ́, kí olùkọ́ yẹn lè rí i lò kí wọ́n tó wọlé ní oṣù kẹsàn-án.